Láàárín Àwọn Òpó Karnak

Ìlú Luxor wà ní apá gúúsù orílẹ̀-èdè Íjíbítì, ní etí Odò Náílì, ó sì tó nǹkan bíi kìlómítà 650 sí Káírò tí í ṣe olú-ìlú. Thebes ni àwọn Gíríìkì ìgbàanì ń pè é. Nínú ìwé wòlíì Náhúmù nínú Bíbélì, No-Ámónì ni orúkọ rẹ̀. Ìhà ìlà-oòrùn odò náà ni àwọn ará ibẹ̀ ń gbé, ibẹ̀ náà ni wọ́n sì kọ́ ilé àwọn òrìṣà wọn sí. Ìhà ìwọ̀-oòrùn, níbi tí oòrùn ń wọ̀ sí, ni wọ́n yà sọ́tọ̀ fún òkú. Nínú gbogbo ohun tí wọ́n fi òkúta kọ́ sí ìhà àwọn alààyè, kò sí èyí tó tóbi tó Karnak, tẹ́ḿpìlì Ámúnì, òrìṣà tí àwọn Fáráò gbà pé òun ló ń fi àwọn jọba.

Àlàpà ni Karnak lónìí. Òrùlé rẹ̀ ti lọ, púpọ̀ nínú ògiri rẹ̀ ti wó, àwọn ère kan kò lórí, àwọn mìíràn kò lẹ́sẹ̀. Síbẹ̀, ẹni tó bá fara balẹ̀ rìn ín já yóò rí i pé ibi tó ti wó gan-an ló ti ń sọ̀rọ̀ jù. Ká ní ó dúró digbí bí ọjọ́ tí wọ́n kọ́ ọ ni, ẹwà rẹ̀ nìkan ni à bá máa wò. Nítorí pé ó wó, a rí bí wọ́n ṣe kọ́ ọ, a rí ohun tí wọ́n kó pamọ́ sínú ògiri, a sì rí ìjà tí àwọn tó kọ́ ọ bá ara wọn jà.

Senusret Kìíní, tó jọba ní nǹkan bí ọdún 1950 ṣáájú ìbí Jésù, wà lára àwọn tó kọ́kọ́ fi òkúta kọ́lé fún Ámúnì níbẹ̀. Láti ìgbà tirẹ̀ títí di ìgbà àwọn ọba Gíríìkì tí à ń pè ní Ptolemy, nǹkan bí 2,000 ọdún ni iṣẹ́ kò fi tán nínú ọgbà náà. Nǹkan bí ọgbọ̀n ọba ló lọ́wọ́ sí i. Ó dà bí agbo ilé ńlá kan tí bàbá ńlá kọ́ yàrá àkọ́kọ́ rẹ̀, tí ọmọ fi ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún un, tí ọmọ-ọmọ wó ògiri kan kí ó lè fẹ ojúlé, tí kálukú wọn sì fẹ́ kí àlejò mọ̀ pé òun gan-an ni baálé.

Ìgbà ìsinmi Kérésìmesì ni ìdílé wa lọ síbẹ̀: èmi, ọkọ mi, àwọn ọmọ wa, àti ìyá ọkọ mi tí gbogbo wa ń pè ní Màmá. Láti Èkó a wọ bàálù lọ sí Káírò, a sì wọ òmíràn tó gbé wa dé Luxor láàárín nǹkan bí wákàtí kan. Oṣù Kejìlá dára fún irú ìrìn bẹ́ẹ̀. Òwúrọ̀ ibẹ̀ gba súwẹ́tà, oòrùn ọ̀sán rẹ̀ sì ṣeé fara dà, kò dà bíi ti ìgbà ooru wọn tí ó máa ń lé ní ìwọ̀n 40. Màmá ti lé ní àádọ́rin ọdún, eékún wọn a sì máa dùn wọ́n, nítorí náà a gbé àga kékeré tó ṣeé ká dání, kí wọ́n lè máa jókòó níbi tó bá wù wọ́n. Àga yẹn ló kọ́ gbogbo wa ní sùúrù. Ibi tí Màmá bá jókòó sí, a ó dúró níbẹ̀, a ó sì wo ohun tí à bá ti sáré kọjá.

Ní ọ̀nà tó wọlé láti ìhà odò, ère ló tò sí ọ̀tún àti òsì: ara kìnnìún, orí àgbò. Àgbò ni ẹranko Ámúnì. Láàárín ẹsẹ̀ iwájú ère kọ̀ọ̀kan, lábẹ́ àgbọ̀n àgbò náà, ère ọba kékeré kan dúró, ó ká ọwọ́ méjèèjì mọ́ àyà. Ọmọ wa obìnrin wò ó títí, ó ní, “Màmá, ṣé àgbò yẹn fẹ́ jẹ ẹ́ ni?” Màmá dá a lóhùn pé, “Rárá o, ọmọ mi. Ó ń ṣọ́ ọ ni.” Amọ̀nà wa, nígbà tí a túmọ̀ èsì náà fún un, ní òun kò lè sọ ọ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ògiri ẹnu-ọ̀nà àkọ́kọ́ ló kàn. Ó fẹ̀ ju mítà 100 lọ láti ìkángun kan sí èkejì, ó sì nípọn tó mítà 15. Òun ni èèyàn ń kọ́kọ́ rí, ṣùgbọ́n òun gan-an ló kẹ́yìn nínú àwọn ògiri ńlá náà, nítorí láti inú ni wọ́n ti ń kọ́lé bọ̀ wá síta. Nectanebo Kìíní, tó jọba ní ọ̀rúndún kẹrin ṣáájú ìbí Jésù, ni wọ́n gbà pé ó bẹ̀rẹ̀ rẹ̀, kò sì parí. Apá kan ga ju èkejì lọ. Ojú òkúta rẹ̀ ṣì rí gbágungbàgun, kò sí àwòrán kankan lára rẹ̀. Ẹni tó bá kọjá sínú, tó wo ẹ̀yìn rẹ̀ lápá ọ̀tún, yóò rí òkìtì bíríkì alámọ̀ tó rọ̀gún ti ògiri náà. Bíríkì yẹn ni àtẹ̀gùn àwọn òṣìṣẹ́. Bí ògiri bá ṣe ń ga ni wọ́n ń ga òkìtì náà, wọ́n á wọ́ òkúta gorí rẹ̀, wọ́n á tò ó. Bí wọ́n bá tò ó dé òkè tán, wọ́n á wá máa kó bíríkì kúrò díẹ̀díẹ̀, wọ́n á máa dán ojú òkúta láti òkè wá sísàlẹ̀. Ká ní Nectanebo parí iṣẹ́ rẹ̀ ni, wọn ì bá ti kó bíríkì yìí dànù, à bá sì máa bi ara wa léèrè bí wọ́n ṣe gbé òkúta dé òkè.

Nínú àgbàlá tó tẹ̀lé e, òpó kan ṣoṣo ló dúró gangan, gíga rẹ̀ sì tó nǹkan bíi mítà 20. Mẹ́wàá ni wọ́n tẹ́lẹ̀. Taharqa ló kọ́ wọn, ọba aláwọ̀ dúdú láti ilẹ̀ Kúṣì, tí í ṣe ara Sudan òde òní. Ìdílé rẹ̀ ló gòkè wá láti gúúsù, tó ṣẹ́gun Íjíbítì, tó sì gorí ìtẹ́ àwọn Fáráò. Òun fúnra rẹ̀ jọba láti ọdún 690 sí 664 ṣáájú ìbí Jésù. Bí a ṣe dárúkọ rẹ̀ ni Màmá dá wa dúró. Wọ́n ní ṣé kì í ṣe Tirhaka ọba Etiópíà ni, ẹni tí ìwé Àwọn Ọba Kejì ní ó jáde láti bá ọba Asíríà jà nígbà Hesekiah? Òun náà ni. Inú Màmá dùn kọjá bó ṣe yẹ. Wọ́n ní láti ìgbà tí àwọn ti ń ka orúkọ yẹn ní ilé-ẹ̀kọ́ ọjọ́ ìsinmi, kò sí ẹni tó sọ fún àwọn pé ó kọ́lé síbì kan.

Igun àgbàlá yìí kan náà ni ìtàn Bíbélì mìíràn wà. Lẹ́yìn ògiri, ní ìhà gúúsù, ọba Shoshenq Kìíní kọ orúkọ àwọn ìlú tó kó lẹ́rú ní ilẹ̀ Ísírẹ́lì àti àyíká rẹ̀. Orúkọ ìlú kọ̀ọ̀kan wà nínú odi tí wọ́n yà róbótó, orí ẹlẹ́wọ̀n kan sì yọ lókè odi náà pẹ̀lú ọwọ́ tí a dè sẹ́yìn. Ọ̀pọ̀ onímọ̀ gbà pé òun ni Ṣiṣaki tí ó gòkè lọ sí Jerúsálẹ́mù nígbà Rehoboamu, tó sì kó ìṣúra tẹ́ḿpìlì Sólómọ́nì lọ. Màmá jókòó sórí àga wọn níwájú ògiri náà, wọ́n ní kí ọmọ-ọmọ àwọn ka orí kẹrìnlá ìwé Àwọn Ọba Kìíní fún àwọn lórí fóònù. Ó kà á, gbogbo wa gbọ́, a sì gbé ojú sókè wo àwọn tí a dè lọ́wọ́.

Ẹ̀yìn ògiri ẹnu-ọ̀nà kejì ni gbọ̀ngàn tí ayé ń torí rẹ̀ wá sí Karnak. Òpó 134 ló wà níbẹ̀, lórí ilẹ̀ tó gùn tó mítà 103, tó sì fẹ̀ tó mítà 52. Méjìlá tó wà láàárín ló ga jù, wọ́n tó mítà 21. Àgbà mẹ́fà ni yóò na ọwọ́ tán kí wọ́n tó lè yí ọ̀kan ṣoṣo nínú wọn ká. Orí àwọn méjìlá yìí ṣí sílẹ̀ bí ìtànná ewéko etí odò tí àwọn ará Íjíbítì fi ń ṣe ìwé. Orí àwọn 122 yòókù, tí wọn kò ga tó wọn, pa dé bí ìtànná tí kò tíì là. Kì í ṣe fún ẹ̀ṣọ́ lásán. Ìgbàgbọ́ wọn ni pé omi ni gbogbo ayé níbẹ̀rẹ̀, pé òkìtì ilẹ̀ kan yọ nínú omi náà, ewéko sì hù sí i. Ilẹ̀ àkọ́kọ́ yẹn ni wọ́n fi òkúta kọ́.

Ẹni tó bá dúró láàárín àwọn òpó yìí kì í rí ìkángun gbọ̀ngàn náà. Ibi tó bá wò, òpó á bo òpó. Àárín nìkan ni ọ̀nà gbọọrọ ti là. Orí àwọn òpó gíga àárín ga ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ, nítorí náà òrùlé àárín náà ga ju ti ẹ̀gbẹ́ lọ nígbà tí ó ṣì wà. Àlàfo tó wà láàárín gíga méjèèjì ni wọ́n fi fèrèsé òkúta tí wọ́n là tẹ́ẹ́rẹ́-tẹ́ẹ́rẹ́ dí, kí ìmọ́lẹ̀ lè máa yọ́ wọlé. Díẹ̀ nínú fèrèsé wọ̀nyí ṣì wà lókè. Oòrùn tàn kọjá nínú wọn ní òwúrọ̀ ọjọ́ náà, ó sì fà tẹ́ẹ́rẹ́ sára òpó. Ní abẹ́ àwọn òkúta tó gùn láti orí òpó kan dé orí èkejì, níbi tí oòrùn àti òjò kò dé, àwọ̀ búlúù, pupa àti ìyeyè ìgbàanì kò tíì ṣí. Gbogbo gbọ̀ngàn náà ló kún fún irú àwọ̀ bẹ́ẹ̀ nígbà kan.

Seti Kìíní ló kọ́ ọ, ọmọ rẹ̀ Ramesses Kejì ló parí iṣẹ́ ọnà ara rẹ̀. Kò nira láti mọ ibi tí ti bàbá parí sí, tí ti ọmọ bẹ̀rẹ̀. Ní ìhà àríwá, àwọn agbẹ́kúta Seti gbẹ́ ara òkúta tó yí àwòrán ká kúrò, àwòrán náà wá yọ síta ní pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó dán, ó tinrín. Ní ìhà gúúsù, àwọn ti Ramesses gbẹ́ àwòrán wọnú òkúta, ó jinlẹ̀. Iṣẹ́ bàbá lẹ́wà ju ti ọmọ lọ. Ti ọmọ yá ju ti bàbá lọ, ó sì ṣòro láti pa rẹ́. Lára ògiri kan níhà gúúsù gbọ̀ngàn náà ni wọ́n kọ májẹ̀mú àlàáfíà tí Ramesses bá ọba àwọn Híttì dá sí, ní nǹkan bí ọdún 1259 ṣáájú ìbí Jésù. Ìwé májẹ̀mú kan náà, tí àwọn Híttì kọ sára amọ̀, jáde nínú ilẹ̀ ní Turkey ní ọdún 1906. Ìkọ̀wé ìhà méjèèjì ṣì wà títí dòní.

Gbọ̀ngàn yìí kò dúró láti ìgbà náà láìyẹsẹ̀. Ní oṣù Kẹwàá ọdún 1899, mọ́kànlá nínú àwọn òpó rẹ̀ wó lẹ́ẹ̀kan náà. Omi abẹ́ ilẹ̀ àti iyọ̀ inú rẹ̀ ti jẹ ìpìlẹ̀ wọn. Georges Legrain, ọmọ ilẹ̀ Faransé tó ń bójú tó ibẹ̀, tún wọn tò ní ẹyọ kọ̀ọ̀kan, òkìtì erùpẹ̀ ló sì fi ń gbé òkúta gòkè, gẹ́gẹ́ bí àwọn tó kọ́kọ́ gbé wọn síbẹ̀ ṣe ṣe é.

Bí a ti kọjá gbọ̀ngàn náà, òpó onígun mẹ́rin tó ṣonṣo lórí yọ sí wa. Ti Hatshepsut ni. Obìnrin ni Hatshepsut; ó jọba gẹ́gẹ́ bíi Fáráò ní ọ̀rúndún kẹẹ̀ẹ́dógún ṣáájú ìbí Jésù, wọ́n sì máa ń fi irùngbọ̀n sí ère rẹ̀ nítorí pé irùngbọ̀n wà lára ohun-èlò oyè. Òpó rẹ̀ ga tó nǹkan bíi mítà 29, ó wúwo ju 300 tọ́ọ̀nù lọ, òkúta kan ṣoṣo ni, kò ní oríkèé. Láti Aswan, tó lé ní kìlómítà 200 sí ibẹ̀, ni wọ́n ti gbé e wá lórí omi. Ó kọ ọ́ sí ìdí rẹ̀ pé oṣù méje ni wọ́n fi gé e kúrò lára àpáta. Àdàlú wúrà àti fàdákà ni wọ́n fi bo orí rẹ̀ kí oòrùn lè máa kọ mọ̀nà níbẹ̀.

Nígbà tó kú, Thutmose Kẹta, ọmọ ọkọ rẹ̀, gbàjọba. Ó yá, ó pàṣẹ kí wọ́n pa orúkọ obìnrin náà rẹ́ ní ọ̀pọ̀ ibi, ó sì mọ ògiri yí òpó yìí ká, tí ó fi jẹ́ pé orí rẹ̀ nìkan ló ń yọ. Ògiri yẹn ti fẹ́rẹ̀ẹ́ wó tán báyìí. Òpó náà ń bẹ, ìkọ̀wé tí ògiri bò mọ́lẹ̀ sì gún régé nítorí pé afẹ́fẹ́ àti iyanrìn kò rí i jẹ. Èkejì rẹ̀ ti ṣubú. Orí rẹ̀ dùbúlẹ̀ sí tòsí adágún omi tẹ́ḿpìlì náà. Ibẹ̀ ni ọmọ wa obìnrin pẹ́ sí jù. Àwòrán tó wà lórí èyí tó dúró, àfi ẹyẹ ló lè wò ó dáadáa. Ti èyí tó ṣubú wà ní ọ̀gangan ojú ọmọdé: Hatshepsut kúnlẹ̀, Ámúnì jókòó lẹ́yìn rẹ̀, ó na ọwọ́ sí adé tó wà lórí rẹ̀.

Ohun tí wọ́n kó pamọ́ sínú ògiri tún yani lẹ́nu ju èyí lọ. Nígbà tí Amenhotep Kẹta fẹ́ kọ́ ògiri ẹnu-ọ̀nà kẹta, ó tú ilé àwọn tó ṣáájú rẹ̀, ó kó òkúta wọn kún inú ògiri tuntun. Ní àwọn ọdún 1920 àti 1930, Henri Chevrier, tó ń bójú tó iṣẹ́ níbẹ̀ nígbà náà, yọ àwọn òkúta náà jáde, wọ́n sì tò wọ́n padà. Bẹ́ẹ̀ ni ilé kékeré funfun tí Senusret Kìíní kọ́ ṣe tún dìde. Ó wà nínú ọgbà kan níhà àríwá Karnak, ọ̀pọ̀ àlejò kì í sì í yà síbẹ̀. Wíwo ìkọ̀wé ara rẹ̀ kì í súni. Ìyẹ́ ẹyẹ kọ̀ọ̀kan ni wọ́n gbẹ́ fínnífínní, ó sì mọ́ bí ẹni pé àná ni, nítorí inú òkùnkùn ògiri ló ti sùn fún ohun tó lé ní 3,000 ọdún.

Akhenaten náà wà níbẹ̀. Ọba yìí kọ Ámúnì sílẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn tẹ́ḿpìlì rẹ̀, ó ní oòrùn nìkan ni kí gbogbo ènìyàn máa sìn. Nígbà tó kú, wọ́n wó ilé tó kọ́ sí Karnak, wọ́n sì fi ẹgbẹẹgbẹ̀rún òkúta kéékèèké rẹ̀ kún inú àwọn ògiri ẹnu-ọ̀nà. Wọ́n fẹ́ kí ayé gbàgbé rẹ̀. Ibi tí wọ́n kó o sí yẹn gan-an ni àwòrán rẹ̀ ti wà láìbàjẹ́. Ní ọdún 1903, nínú àgbàlá tó wà níwájú ògiri ẹnu-ọ̀nà keje, Legrain bẹ̀rẹ̀ sí í hú ère jáde nínú ẹrẹ̀: ère òkúta tó lé ní 700, àti ti idẹ tó tó nǹkan bí 17,000. Kì í ṣe olè ló rì wọ́n mọ́lẹ̀. Àwọn àwòrò tẹ́ḿpìlì náà fúnra wọn ni. Ère ti pọ̀ jù nínú ọgbà, wọn kò sì lè da ohun tí a ti yà sí mímọ́ nù.

Bí èèyàn bá ṣe ń wọnú lọ, bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ń ga sí i, tí àyè sì ń há. Láyé àtijọ́, mẹ̀kúnnù kì í dé ibẹ̀. Ọba àti àwọn àwòrò nìkan ló ń wọ yàrá tí ère Ámúnì wà. Láràárọ̀, lẹ́yìn tí wọ́n bá ti wẹ̀ nínú adágún, wọn á ṣílẹ̀kùn fún un, wọn á wẹ̀ ẹ́, wọn á wọṣọ fún un, wọn á gbé oúnjẹ síwájú rẹ̀. Àwọn àwòrò ló sì ń pín oúnjẹ náà jẹ nígbà tó bá yá. Oúnjẹ yẹn kò kéré. Ìwé kan tí wọ́n kọ ní òpin ìgbà Ramesses Kẹta, tó wà ní ilé ọnà British Museum ní Lọ́ńdọ̀nù báyìí, ka ohun tí Ámúnì ní: èèyàn tó lé ní 81,000, ẹran ọ̀sìn tó lé ní 420,000, ọkọ̀ ojú omi 83. Alágbára ni àwòrò àgbà Ámúnì. Ìgbà kan wà tí òun àti ọba fẹ́rẹ̀ẹ́ máa bá ara wọn dọ́gba.

Ibo wá ni tálákà ń gbàdúrà sí? Ẹ̀yìnkùlé. Ní ìkángun ìlà-oòrùn, Ramesses Kejì kọ́ ilé kékeré kan fún Ámúnì tó ń gbọ́ àdúrà, kí ẹni tí kò lè gba iwájú wọlé lè wá sọ tẹnu rẹ̀. Àwọn àlejò kì í pọ̀ níbẹ̀, àwókù òkúta ni, kò sì ga. Màmá ló ní kí a dé ibẹ̀ bí wọ́n ṣe gbọ́ nípa rẹ̀. Nígbà tí a dé ibẹ̀, wọ́n sọ fún mi pé, “Ìyàwó, ọba ló ni gbogbo èyí tí a ti ń wò bọ̀. Ibí yìí ni àwọn èèyàn wà.”

Ọjọ́ kejì ni a lọ sí tẹ́ḿpìlì Luxor, tó wà láàárín ìgboro. Ọ̀nà tí wọ́n to ère sí lẹ́gbẹ̀ẹ́ ló so òun àti Karnak pọ̀, ó gùn tó kìlómítà 2.7. Ilé àti àdúgbò bò ó mọ́lẹ̀ fún ọ̀pọ̀ ọ̀rúndún. Oṣù Kọkànlá ọdún 2021 ni wọ́n ṣí i fún aráyé. Ní ayé ìgbàanì, lọ́dọọdún, nígbà tí odò bá kún, wọ́n máa ń gbé Ámúnì jáde nínú ọkọ̀ mímọ́ rẹ̀, àwọn àwòrò a gbé e lé èjìká, wọn a sì gbé e láti Karnak lọ sí Luxor, pẹ̀lú ìlù, orin àti ijó. Òpó onígun mẹ́rin méjì ni Ramesses Kejì rì sí iwájú Luxor. Ọ̀kan ló kù. Èkejì wà ní Paris, níbi tí wọ́n gbé e nàró sí ní ọdún 1836, lẹ́yìn tí Muhammad Ali, olórí Íjíbítì, fi ta ilẹ̀ Faransé lọ́rẹ.

Mọ́ṣáláṣí kan, ti Abu Haggag, wà lórí àwọn òpó tẹ́ḿpìlì Luxor, wọ́n sì ń kírun níbẹ̀ di òní. Ìgbà tí wọ́n kọ́ ọ, iyanrìn àti pàǹtírí ti bo tẹ́ḿpìlì náà dé ibi gíga, orí òkìtì yẹn ni wọ́n sì kọ́ ọ sí. Nígbà tí wọ́n wá gbẹ́ ilẹ̀ ní òpin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, ilẹ̀kùn àtijọ́ mọ́ṣáláṣí náà wá dá wà lókè ògiri, kò sí àtẹ̀gùn tó dé ibẹ̀. Àwọn Krístẹ́nì ti lo ibẹ̀ fún ìsìn ṣáájú ìyẹn. Bí wọ́n bá sì ń ṣe ọdún Abu Haggag, wọ́n ṣì ń fa ọkọ̀ ojú omi yí ìlú ká lórí ilẹ̀. Ẹ̀sìn ti yí padà lẹ́ẹ̀mejì. Ọkọ̀ ṣì ń jáde.

Nígbà tí a ń jẹun alẹ́, ọmọ wa ọkùnrin bi bàbá rẹ̀ pé, “Dádì, ṣé lóòótọ́ ni pé ibí ni àwa Yorùbá ti wá?” Ìbéèrè àtijọ́ ni. Samuel Johnson, nínú ìwé ìtàn Yorùbá rẹ̀ tó jáde ní 1921, rò pé ìhà òkè Íjíbítì tàbí Nubia ni a ti ṣí wá. Ní 1948, J. Olumide Lucas kọ odidi ìwé kan lórí ẹ̀sìn Yorùbá láti fi hàn pé ti Íjíbítì ni. Ọkọ mi sọ fún un pé àwọn onímọ̀ èdè kò gbà bẹ́ẹ̀: ẹbí Niger-Congo ni èdè wa wà, ẹbí mìíràn ni ti Íjíbítì ìgbàanì wà. Ohun tí wọ́n hú jáde ní Ilé-Ifẹ̀ sì fi hàn pé ọwọ́ àwọn ará Ifẹ̀ ló ṣe orí idẹ wọn. Mo fara mọ́ èsì rẹ̀. Àwọn náà ní ìtàn pé omi ni ayé níbẹ̀rẹ̀, àwa náà ní i. Ìyẹn kò sọ wá di ọmọ ìyá kan náà. Kò di dandan kí ilé jẹ́ ti bàbá wa kí a tó gbà pé ó dára. Ẹni tó sì ń wá ipa aláwọ̀ dúdú ní Karnak, òpó Taharqa wà níbẹ̀, kò nílò àbá kankan.

Ìdájọ́ tèmi ni pé Karnak tọ́ sí owó àti wàhálà rẹ̀, pàápàá fún ìdílé tó ní ọmọdé àti àgbà nínú. Kí ẹni tó bá fẹ́ lọ lọ ní oṣù tí ooru kò mú, kí ó dé ẹnu géètì ní kùtùkùtù, kí ó mú omi, fìlà àti bàtà tó ṣeé fi rìn pẹ́. Kí ó má ṣe dúró nínú gbọ̀ngàn òpó nìkan. Kí ó wo ẹ̀yìn ògiri àkọ́kọ́ níbi tí bíríkì wà, kí ó yà sí ọgbà tí ilé funfun Senusret wà, kí ó sì dé ẹ̀yìnkùlé. Kí ó má fi ọwọ́ kan àwọ̀ ara òkúta, nítorí òógùn ọwọ́ ń jẹ ẹ́. Kí ó kìlọ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ pẹ̀lú pé wọn kò gbọdọ̀ họ orúkọ wọn sára ògiri. Àwọn àlejò ìgbà kan ti ṣe bẹ́ẹ̀, àwọn ọba sì ti ṣe é ṣáájú wọn. Orúkọ tó wà níbẹ̀ ti tó.